Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó dé ọpọlọ: kí ni kí ará ilé béèrè, kí sì ni kí wọ́n yẹra fún?

Alákòóso Ìyẹ̀wù Ìlera, 7:02 àárọ̀
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìbéèrè kan ṣoṣo ti ń wọlé lóríṣiríṣi: aláìsàn ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, èsì ní kókó wà nínú ọpọlọ. Àwọn kan ní jẹjẹrẹ ti di méjì. Àwọn mìíràn ń béèrè bóyá kí wọ́n kàn gbé aláìsàn lọ sílé. Mo ti bẹ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ ní Èkó pé kí wọ́n bá wa dá sí i. Òfin wa kò yí padà: ẹ má kọ orúkọ aláìsàn tàbí ti dókítà, ẹ má sì polówó oògùn. Dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Dókítà Onítànṣán, 7:40 àárọ̀
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún orúkọ yẹn ṣe. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó kó wá sí Mushin, ọmọ Ìjẹ̀bú náà ni. Jẹjẹrẹ tó gbéra láti ẹ̀dọ̀fóró tó lọ jókòó sínú ọpọlọ, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ ọpọlọ. Bí wọ́n bá gbé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sábẹ́ awò, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹjọ́ orúkọ lásán o, torí ibi tí àrùn ti gbéra ni a máa ń wò ká tó mú oògùn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọpọlọ? Ẹ wo ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ tó kúrò nínú ìfun máa kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á sì sẹ́ púpọ̀ nínú ohun tó gbé wá. Ẹ̀jẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró kò ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú. Apá òsì ọkàn ló ń lọ tààrà, ọkàn á sì tì í jáde. Nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde, nǹkan bí 15 sí 20 ń lọ sí ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó bá já á bá ẹ̀jẹ̀ yìí lọ títí á fi dé ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti di tín-ínrín, níbi tí apá eléérú ọpọlọ ti pàdé apá funfun, á sì há síbẹ̀. Ìdí nìyí tí kókó náà fi máa ń pọ̀ ní ààlà yẹn. Bí a bá ka 100 kókó báyìí, nǹkan bí 80 wà nínú ọpọlọ ńlá, 15 nínú ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí, 5 nínú igi ọpọlọ.

Kò sí jẹjẹrẹ tó ń rán kókó lọ sí ọpọlọ tó ti ẹ̀dọ̀fóró. Oríṣi rẹ̀ méjì ni: oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré, tó jẹ́ nǹkan bí 15 nínú 100, àti èyí tí kì í ṣe oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré, tó jẹ́ ìyókù. Oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré ló burú jù nínú ká sáré gun orí. Ẹ bèèrè èyí tó jẹ́ ti aláìsàn yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, 8:15 àárọ̀
Ẹ ṣeun, Dókítà. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé orí tó ń fọ́ yìí kì í ṣe ibà tàbí táífọ́ọ̀dù? Ládùúgbò wa níbí, bí orí bá ti fọ́, ilé kẹ́míìsì ti yá nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà, 8:52 àárọ̀
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti ń ṣòfò. Orí fífọ́ ti ibà máa ń bá ara gbígbóná àti òtútù rìn. Ti kókó inú ọpọlọ máa ń le jù láàárọ̀ nígbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, torí bí a bá sùn gbalaja, ìfúnpá inú agbárí máa ń ga sí i. Bó bá ti dìde jókòó fún ìgbà díẹ̀, á fúyẹ́. Èébì lè tẹ̀ lé e, nígbà míì láìjẹ́ pé inú ń rìn ún rárá.

Àmọ́ ẹ má fi orí fífọ́ nìkan ṣe òṣùwọ̀n, torí ọ̀pọ̀ wà tí orí kì í fọ́. Ohun tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ rí kéré gan-an: ife tíì ń bọ́ lọ́wọ́ kan ṣoṣo, bọ́tìnnì kò ṣeé dè mọ́, sálúbàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ òsì, aláìsàn ń rìn lọ láìmọ̀. Bó bá jẹ́ ọpọlọ kékeré ló kàn, ẹsẹ̀ á máa ta bí ẹsẹ̀ ẹni tó mu ẹmu yó, aládùúgbò á sì ní ó ti ń mutí. Bó bá wà lápá ẹ̀yìn níbi tí ìríran wà, á máa fi èjìká kan náà gbá férémù ilẹ̀kùn, tàbí kó jẹ apá kan ìrẹsì inú àwo kó má rí apá kejì. Ẹlòmíràn mọ ohun tó fẹ́ pè, ẹnu kò kàn gbé e. Àyípadà ìwà ni wọ́n máa ń ṣì túmọ̀ jù: ẹni jẹ́jẹ́ di oníbìínú, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe. Bó bá ní kò sí ibà, ẹ má gba abẹ́rẹ́ ibà. Bó bá ní ó wà, ẹ lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta yẹn tán, bí orí bá ṣì ń fọ́ láàárọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Widal tí wọ́n fi ń sọ pé táífọ́ọ̀dù ti wọ ẹ̀jẹ̀ kò tó ẹ̀rí.

Ohun tí kì í dúró de ilẹ̀ mọ́: oorun tó ń kùn ún tí kò ṣeé jí dáadáa, èébì àìdábọ̀, ẹyin ojú kan tó fẹ̀ ju èkejì lọ, gìrì tó kọjá ìṣẹ́jú 5. Ẹ pe 767 tàbí 112. Bí kì í bá ṣe gìrì tàbí èébì, ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí àti èjìká rẹ̀ sókè níwọ̀nba, kí ọrùn tọ́, kó má tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ayàwòrán Ìkẹjà, 9:30 àárọ̀
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwòrán, torí owó ń ṣòfò níbẹ̀. CT (àwòrán X-ray onípele) láìsí kọ́ńtírásì, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí kókó hàn, tí ará ìlú ń pè ní dáì, lè fo kókó kéékèèké, pàápàá lẹ́yìn orí níbi tí egungun ti nípọn. CT wúlò ní pàjáwìrì, bí a bá fẹ́ yára mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ya tàbí omi dí sínú ọpọlọ. Láti ka iye kókó àti láti wọn ìtóbi wọn, MRI (àwòrán tí ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì ń yà) pẹ̀lú gadolinium, kọ́ńtírásì tirẹ̀, ni. Bí fọ́ọ̀mù yín bá kàn kọ "MRI orí", ẹ padà lọ bi dókítà bóyá pẹ̀lú kọ́ńtírásì ni. Àtúnyà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀ bí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ mú èsì àyẹ̀wò kíndìnrín dání, èyí tí wọ́n ń pè ní creatinine. Bí eGFR, òǹkà bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí, bá kéré sí 30, ẹ sọ fún wa ká tó fún un ní abẹ́rẹ́ kọ́ńtírásì. Àwòrán náà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹ̀rọ ń pariwo, aláìsàn kò sì gbọ́dọ̀ mira. Gbogbo irin ló ń bọ́ sílẹ̀: ṣéènì, yẹtí, eyín àtọwọ́dá, káàdì báǹkì, bírà onírin, ońdè ìdí tó bá ní irin nínú, píìnì inú irun àdììmọ́. Ẹ fọ tìróò àti àtíkè kúrò lójú, torí àwọn kan ní èròjà irin tó ń ba àwòrán jẹ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí àyà tó ń mú ọkàn lù kò gbọ́dọ̀ wọlé kí ó tó fi káàdì ẹ̀rọ náà hàn wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba díìsìkì. Bébà èsì nìkan kò tó, fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà lórí fíìmù kò sì wúlò fún ẹni tó máa to ìtànṣán.

Dókítà Onítànṣán, 10:05 àárọ̀
Ẹ ṣeun, ayàwòrán. Mo fẹ́ fi kan kún un: kì í ṣe gbogbo kókó inú ọpọlọ aláìsàn jẹjẹrẹ ni jẹjẹrẹ. Nínú ìwádìí tí Patchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1990, ẹni 54 ni wọ́n mú, gbogbo wọn ní jẹjẹrẹ tẹ́lẹ̀, àwòrán sì fi kókó kan ṣoṣo hàn. Nígbà tí wọ́n gé e yẹ̀ wò, mẹ́fà nínú wọn kò ní jẹjẹrẹ tó tàn wá síbẹ̀: ọyún ni ti àwọn kan, tàbí àrùn ọpọlọ mìíràn. Ní Èkó tiwa tí ikọ́ fée ti pọ̀, kókó ikọ́ fée nínú ọpọlọ lè jọ ti jẹjẹrẹ délẹ̀délẹ̀. Nítorí náà, bí kókó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí kò sì dájú, ẹ bèèrè bóyá oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ lè yọ ọ́ tàbí mú díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV àti ikọ́ fée. Ìwádìí yẹn náà ló fi hàn pé fún kókó ẹyọ kan, iṣẹ́ abẹ tí ìtànṣán tẹ̀ lé sàn ju ìtànṣán nìkan lọ: ìdajì àwọn tó gba méjèèjì gbé tó ọ̀sẹ̀ 40, ti àwọn tó gba ìtànṣán nìkan jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15.

Apòògùn Yábàá, 11:20 àárọ̀
Ọ̀rọ̀ dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń kọ fún irú aláìsàn báyìí, wá kù. Kì í pa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Omi tó wú yí kókó ká ló ń fà. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi lè dìde láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí ẹbí á sì rò pé ó ti gbádùn. Omi ló fà, kókó ṣì wà níbẹ̀.

Bí àmì kò bá le, 4 sí 8 mg lójúmọ́ ló wọ́pọ̀. Bí ìfúnpá bá ga, 16 mg. Ẹni tí kò ní àmì rárá lè má nílò rẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí: hóró tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, 0.5 mg ni. Dókítà kọ 8 mg, ará ilé ka hóró 8, ó fún un. Hóró 8, 4 mg péré ni. 8 mg jẹ́ hóró 16. Ẹ ka mílígíráàmù ara páálí kí ẹ tó ka hóró. Ẹ lò ó láàárọ̀ àti ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ. Bó bá di alẹ́ kí ẹ tó lò ó, oorun ò ní wá.

Ṣúgà lè ga, àní lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń hàn jù. Nítorí náà, wíwọn ṣúgà láàárọ̀ nìkan máa tàn yín. Ẹ wo inú ẹnu fún ìdọ̀tí funfun bíi wàrà dídì. Nystatin ló ń yanjú rẹ̀. Itan àti ìdí á máa rọ, àga kò ní ṣeé dìde lórí rẹ̀ láìfi ọwọ́ tì í, ẹbí á sì rò pé jẹjẹrẹ ti dé ẹsẹ̀. Bó bá máa kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n ńlá, ẹ bi dókítà bóyá kó lo Septrin láti dènà òtútù àyà. Ẹ má sì dá a dúró lójijì: ara á ti sinmi láti máa pèsè sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, èèyàn á sì lè dákú. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà níbí. Dexamethasone lára oògùn táwọn kan ń jẹ kí wọ́n lè sanra, nítorí náà gbogbo kíóskì ló ń tà á. Ní February 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa nítorí ayédèrú àti oògùn tí a kó pamọ́ sínú ooru. Ẹ ra á ní ilé oògùn tó ní apòògùn tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, 12:41 ọ̀sán
Ẹ̀gbọ́n apòògùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí gìrì bá dé ńkọ́? Àwọn àgbà ní kí a fi ṣíbí sáàárín eyín, kí a sì fi àdín pa á lára.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà, 1:10 ọ̀sán
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ fi ṣíbí sílẹ̀ nínú àwo o. Ṣíbí ń fọ́ eyín, eyín á bọ́ sínú ọ̀nà ọ̀fun. Èèyàn kì í gbé ahọ́n mì. Ẹ má ro ohunkóhun sí i lẹ́nu: ìbáà ṣe àdín, àlùbọ́sà tàbí àgbo ìtọ̀ màlúù, ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ á fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń ṣàìsàn. Ẹ wo aago. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gbé nǹkan tó le kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Ẹ má di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó dá dúró tó tún padà láìjẹ́ pé ó ti mọ ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn gìrì, kí ó má wa mọ́tò, kí ó má gun ọ̀kadà, kí ó má wẹ̀ níbi tí omi ti jìn, títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

Apòògùn Yábàá, 1:25 ọ̀sán
Oògùn gìrì tí wọ́n máa ń kọ jù báyìí ni levetiracetam, 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí gìrì kò tíì mú kì í sábà nílò rẹ̀. Phenytoin àti carbamazepine rọrùn lówó, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé dexamethasone àti osimertinib, hóró jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan, kúrò lára. Ẹ sọ gbogbo oògùn tó ń lò fún wa, títí kan àgbo olótí.

Olùwọn Ìtànṣán, 2:08 ọ̀sán
Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ ìtànṣán. Àwọn kan ti ń gbàgbọ́ pé bí kókó bá ti dé orí, gbogbo orí ni a máa jó.

Dókítà Onítànṣán, 2:45 ọ̀sán
Ìbéèrè mẹ́ta ló ń yà wá: kókó mélòó, ó tóbi tó wo, kí ni àyẹ̀wò jíìnì jẹjẹrẹ náà sọ? Bí kókó bá kéré ní iye, ìtànṣán àfojúsùn ni: a kó ìtànṣán jọ sórí kókó nìkan láti ọ̀pọ̀ ìhà, nígbà kan tàbí nígbà mélòó kan. Kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ lè gba 20 sí 24 Gy (Gy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán) lẹ́ẹ̀kan; 2 sí 3, 18 Gy; 3 sí 4, 15 Gy. Bí kókó bá ti ń tóbi ni òṣùwọ̀n ń kéré, torí ọpọlọ tó dára tó wà yí i ká ń gbà nínú rẹ̀. Ìtànṣán gbogbo orí ni ti ẹ̀ẹ̀kejì: 30 Gy nígbà 10, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ má sáré gba gbogbo orí kí ẹ tó mọ èsì jíìnì, àfi bí pàjáwìrì bá wà. Bí jíìnì tó ń jẹ́ EGFR (kì í ṣe eGFR ti kíndìnrín o) bá yípadà, osimertinib 80 mg lójúmọ́ ń wọ inú ọpọlọ dáadáa. Bó bá jẹ́ jíìnì ALK ló yípadà, alectinib 600 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tí kò ní àmì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró, kí a máa fi MRI ṣọ́ ọ ní oṣù 2 sí 3. Bí gbogbo orí bá gba ìtànṣán, irun á re, àárẹ̀ á pọ̀, ìrántí á sì máa ṣe ségesège lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti QUARTZ, ìwádìí tó jáde ní 2016 láti Bìrìtìkó àti Ọsirélíà: aláìsàn 538 tí jẹjẹrẹ wọn kì í ṣe oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré, tí iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán àfojúsùn kò bá wọn mu. Àwọn tó gba dexamethasone àti ìtọ́jú pẹ̀lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó tún gba ìtànṣán gbogbo orí, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan: ìdajì àwọn àkọ́kọ́ gbé tó ọ̀sẹ̀ 8.5, ti àwọn kejì jẹ́ 9.2. Ẹni tó ti sùn sórí ibùsùn tí kò lè jókòó mọ́, kí ẹ ṣèdájọ́ dáadáa kí ẹ tó máa gbé e kọjá Eko Bridge lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Olùwọn Ìtànṣán, 3:12 ọ̀sán
Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, kí èyí má lọ dà bí ẹni pé gbogbo orí kò wúlò. Oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré ńkọ́? Ẹni tó ní kókó 20, tó ṣì ń rìn, tó ń jẹun, tí jíìnì rẹ̀ kò ní nǹkan kan ńkọ́?

Dókítà Onítànṣán, 3:30 ọ̀sán
Òótọ́ ni, mo gbà. Àwọn méjèèjì wà lára ẹni tó lè jàǹfààní rẹ̀, tí a bá sì máa ṣe é, ẹ bèèrè memantine, tí a ń gbé gòkè láti 5 mg dé 10 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí ìrántí. Bí kókó kò bá sún mọ́ ibi ìrántí inú ọpọlọ, ẹ̀rọ tuntun lè dá ibẹ̀ sí.

Ará Láàbù Sùúrùlérè, 4:20 ìrọ̀lẹ́
Jíìnì tí ẹ ń sọ yìí, inú ẹran tí wọ́n gé ló wà. Ẹran náà gbọ́dọ̀ wọ fọ́málìn 10 nínú 100 tó ní bọ́fà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí fọ́málìn tó ìlọ́po 10 ẹran, kó má sì ju wákàtí 72 lọ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rì í sínú omi iyọ̀ lásán, tàbí tó fi ọ̀sẹ̀ kan sùn nínú fọ́málìn lórí tábìlì, DNA á já wẹ́wẹ́, èsì á ní "kò tó". Kò tó yàtọ̀ sí kò sí. Lẹ́yìn náà a ń rì í sínú àbẹ́là, èyí ni búlọ́ọ̀kì. Ẹ̀tọ́ yín ni láti bèèrè fún un bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn. Bí búlọ́ọ̀kì bá tán, ẹ̀jẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò jíìnì náà. Bó bá rí nǹkan, ó ṣeé lò, bí kò bá rí, kò tíì parí.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà, 5:05 ìrọ̀lẹ́
Ibùdó NSIA-LUTH tó ṣí ní 2019 ní Ìdí-Àràbà níbí ní ẹ̀rọ ìtànṣán. Ẹ bi wọ́n tààrà bóyá irú ìtànṣán tí dókítà kọ wà lọ́dọ̀ wọn, iye ìgbà, àti aago tí wọ́n máa yàn fún un. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n fún ní aago 8, kí ó gba Eko Bridge kí go-slow tó dé Ojúẹlẹ́gba. Ẹ bèèrè aago ọ̀sán bó bá ṣeé ṣe. Ẹ mú omi, àti oògùn ọ̀sán rẹ̀, kí ó má fo dexamethasone nítorí go-slow.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, 5:50 ìrọ̀lẹ́
Ìbéèrè ìkẹyìn: irun dídì àti irun àdììmọ́ ńkọ́? Màmá kan ní òun ò ní tú u.

Olùwọn Ìtànṣán, 6:14 ìrọ̀lẹ́
Kí wọ́n bá mi bẹ Màmá, kó tú u ṣáájú ọjọ́ ìwọ̀n. Ìbòjú tí a máa ṣe fún un jẹ́ ike pẹlẹbẹ tó ní ihò. A rì í sínú omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 70 títí á fi rọ̀, a fà á bò ojú rẹ̀ títí dé àgbọ̀n, a de ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́, kò jóni, ihò wà fún èémí. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á le, orí kò sì ní lè yí. Bí irun dídì bá wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìwọ̀n, tó wá tú u lọ́jọ́ ìtọ́jú, àyè á ṣí sílẹ̀, orí á máa mì, ìtànṣán á ṣìnà. Ẹni tó ń lo dexamethasone ńkọ́? Ojú lè wú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìbòjú á fún un lẹ́rẹ̀kẹ́ tí àmì ihò á fi hàn lára. Kí ó sọ fún wa kí a tó tan ẹ̀rọ. A lè ṣe òmíràn.